Charles Jamrach: Ọmọ ọlọ́pàá èbúté tó sọ ejò, ọ̀nì àti ẹkùn di ọjà

Ẹni tó bá jáde kúrò ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, tó sì forí lé ìhà ìwọ̀-oòrùn, yóò dé abúlé Bazoulé lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 30. Adágún omi kan wà ní abúlé náà tí ọ̀nì tó lé ní 100 ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ń lọ, wọ́n ń bọ̀ létí omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀nì náà ń yá oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ fún ọmọ wọn ni pé nígbà ọ̀dá kan láyé àtijọ́, ọ̀nì ló ṣamọ̀nà àwọn babańlá wọn dé ibi tí omi wà. Nítorí náà, èèwọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni pa ọ̀nì ní Bazoulé. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ sin ín bí ẹni ń sin ènìyàn.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò mọ Bazoulé, bẹ́ẹ̀ ni kò fojú kan Ouagadougou rí. Ọdún 1886 ni Gottlob Adolf Krause, ará Jámánì, wọ Ouagadougou, òun ni a sì kà sí ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ní ọdún náà, Charles Jamrach ti pé ẹni ọdún 71 ní London, ó sì ti lo ọdún tó lé ní 40 nídìí òwò ẹranko. Ejò, ọ̀nì, ìjàpá, ẹyẹ, erin àti kìnnìún, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Ouagadougou mọ̀ dáadáa, tí yóò ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìgbésí ayé rẹ̀. Burkina Faso kò ní òkun. Lomé, Cotonou, Tema tàbí Abidjan ni ẹrù ti ń gòkè wá, ẹni tó sì jókòó sí èbúté ló ń kọ́kọ́ dá iye lé ọjà. Kí ọjà tó dé ọwọ́ ẹni tó wà lókè, èrè ti wọ àpò ẹni tó wà nísàlẹ̀. Jamrach kì í ṣe ọdẹ, kò sì gbé pàkúté sínú igbó kankan. Èbúté ló jókòó sí.

Ọmọ ọlọ́pàá odò

Ọdún 1815 ni wọ́n bí i sínú ìdílé ará Jámánì kan. Bàbá rẹ̀, Johann Gottlieb Jamrach, jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ odò ní Hamburg. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé inú àwọn ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, níbi tó ti ń rí i pé àwọn atukọ̀ a máa gbé ayékòótọ́, ọ̀bọ àti ìkarahun òkun bọ̀ wálé láti fi ṣe owó ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n lọ́wọ́ wọn, ó ń tà wọ́n fún àwọn ọlọ́lá. Nígbà tó yá, òwò náà borí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ní ẹ̀ka ní Hamburg àti ní London.

Nígbà tí bàbá kú, ní nǹkan bíi ọdún 1840, ọmọ gba ẹ̀ka ti London. Ìgbà tó bọ́ sí dára fún un. Ọkọ̀ tó ń fi ooru iná ṣiṣẹ́ ti ń gba ipò ọkọ̀ onígbòkun. Ní ọdún 1852, ilé iṣẹ́ African Steamship Company bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ń ná èbúté ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan Èkó. Ayékòótọ́ tó ní ìrù pupa, èyí tí àwọn babańlá wa fi ń júwe ọ̀rọ̀ òtítọ́, wá di ọjà tí àwọn atukọ̀ ń kó wọ Liverpool àti London.

Ilé ìtajà Ratcliffe Highway

Òpópónà Ratcliffe Highway kò jìnnà sí èbúté London. Lónìí, The Highway ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlà-oòrùn London sì lè kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Láyé Jamrach, òpópónà àwọn atukọ̀ ni. Ilé ọtí pọ̀ níbẹ̀, ilé ìsùn olówó pọ́ọ́kú pọ̀, ìjà kì í sì í wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ó tẹ́ ọjà rẹ̀ sí. Ilé ìtajà wà lójú títì, àwọn ẹranko ńlá sì wà nínú ọgbà tó wà ní Betts Street, òpópónà kékeré tó ya kúrò lára rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Jamrach ti wà níbẹ̀. Ó ní aṣojú ní Liverpool, Southampton àti Plymouth, ó sì ní àwọn mìíràn ní àwọn èbúté ilẹ̀ Yúróòpù. Atukọ̀ tó ti lo oṣù mélòó kan lójú omi kò ní sùúrù láti máa wá ẹni tí yóò ra ejò inú àpótí rẹ̀. Owó ló ń wá, ó sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ náà. Jamrach ní owó lọ́wọ́, ó ní àgò, ó ní oúnjẹ ẹranko, ó sì ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọn nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí nínú òwò kankan, òun ni yóò máa sọ iye tí òun yóò san.

Ó tún ní àwo, ohun ọ̀ṣọ́ àti iṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ òkèèrè nínú ilé ìtajà náà. Ó fẹ́ràn ìkarahun òkun púpọ̀, débi pé onímọ̀ ẹranko John Edward Gray fi orúkọ rẹ̀ sọ irú ìgbín òkun kan ní ọdún 1864. Orúkọ náà ń jẹ́ Amoria jamrachi títí di òní.

Ìdí tí ejò fi jẹ́ ọjà tó rọrùn

Nínú gbogbo ẹranko tí alájàpá lè kó, bóyá ni a fi rí èyí tó rọrùn tó ẹranko afàyàfà. Kìnnìún ń jẹ ẹran lójoojúmọ́. Ọ̀bọ ń pariwo, ó sì ń kó àìsàn ènìyàn. Ejò ńlá lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìjẹun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù, nítorí náà kò nílò oúnjẹ púpọ̀ láti mú ara gbóná. Ó ká ara rẹ̀ sínú àpótí kékeré, kò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Ìjàpá tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè tò wọ́n léra wọn bí ẹni to àwo.

Ìrọ̀rùn yìí náà ló sì ń pa wọ́n. Ara ẹranko afàyàfà kò lè pèsè ooru fún ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ òtútù àríwá ní oṣù Kejìlá, ejò tó ti ilẹ̀ gbígbóná wá yóò kú sínú àpótí láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Òmíràn yóò dé láàyè, ṣùgbọ́n òǹgbẹ ti gbẹ ẹ́, eégbọn ti bo abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ń kẹ̀. Nítorí pé ejò kì í tètè fi àìsàn hàn, ó lè wà nínú àgò oníbàárà fún oṣù kan tàbí méjì kó tó kú. Nígbà náà, owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹni tó tà á yóò sì sọ pé ara rẹ̀ yá nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ òun. Lójú tèmi, èyí ni kókó òwò náà láyé Jamrach àti láyé tiwa. Àdánù máa ń já sórí ẹni tó wà ní ìparí, bí owó kékeré ṣe máa ń já sọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn oníbàárà pọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1849, ọgbà ẹranko London ṣí ilé kan fún kìkì ẹranko afàyàfà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lágbàáyé. Àwọn èrò ń rọ́ lọ wò wọ́n. Kódà, nígbà tí ejò olóró kan bu ọ̀kan lára àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ṣán ní ọdún 1852 tí ọkùnrin náà sì kú, àwọn ènìyàn kò dẹ́kun láti máa lọ. Àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Yúróòpù ń kọ́ ọgbà ẹranko tiwọn. Àwọn eléré tó ń kó ẹranko kiri ìgboro fẹ́ ejò tó tóbi tó láti wé mọ́ ọrùn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fẹ́ òkú wọn nínú ìgò ọtí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀dá tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò nígbà náà ló gba ọwọ́ oníṣòwò wá, orúkọ èbúté nìkan ni wọ́n sì máa ń mọ̀. Igbó tí wọ́n ti mú un, odò tó ń mu, ẹni tó mú un, kò sí èyí tó wà nínú ìwé.

Kò sí òfin kankan tó béèrè rẹ̀ náà. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1849 lórí ìwà ìkà sí ẹranko kò dé ọ̀dọ̀ ẹranko igbó tó wà nínú àgò. Ọdún 1900 ni wọ́n tó ṣe òfin tó dárúkọ ẹyẹ, ẹja àti ẹranko afàyàfà tó wà ní ìgbèkùn. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú Jamrach nìyẹn.

Ọjọ́ tí ẹkùn já

Ohun tó sọ orúkọ Jamrach di ohun tí gbogbo London mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857. Ọjà ńlá kan dé láti èbúté, ẹkùn abilà irú ti ilẹ̀ Íńdíà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọgbà, wọ́n sì ń múra láti gbé àwọn tó kù. Ẹkùn náà fi ìdí ti pákó ẹ̀yìn àpótí, pákó náà ya, ó sì jáde sí ojú títì.

Àwọn ènìyàn sá. Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 10 kò sá, nítorí kò tíì rí ẹkùn rí. Ó bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ láti fi pa á lórí bí ẹni ń pa ológbò ńlá lórí. Ẹkùn fi ọwọ́ gbá a ṣubú, ó fi ẹnu gbé e ní aṣọ, ó sì ń gbé e lọ. Jamrach sá tẹ̀lé e. Ó fò mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn, títí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan fi dé pẹ̀lú irin tó sì lù ú lórí. Ẹkùn náà ju ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lé e wọ inú ọgbà.

Ọmọ náà kò fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà á kò kéré. Bàbá rẹ̀ gbé Jamrach lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà ná an tó pọ́n-ùn 300, tí a bá ka owó àwọn agbẹjọ́rò mọ́ owó gbà-má-bínú, àwọn agbẹjọ́rò ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àkókò yìí, ìtàn náà ti dé etí oníṣòwò mìíràn. Ilé iṣẹ́ Wombwell, tó ń kó ẹranko kiri fún ìran wíwò, wá ra ẹkùn náà ní pọ́n-ùn 300, wọ́n sì ń pe èrò wá wo ẹkùn tó gbé ọmọ ní London. Ohun tó yẹ kó fọ́ òwò ọkùnrin náà ló wá di ìpolówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má ṣe gbójú fo ìgboyà tó lò lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló lè fi ọrùn ara rẹ̀ wewu nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n pákó àpótí kan tí kò le tó ló fa gbogbo rẹ̀, òun ló sì ni ọjà náà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹranko àjèjì mọ ibi tí yóò lọ. P. T. Barnum, eléré ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Akéwì àti ayàwòrán Dante Gabriel Rossetti ra wombat, ẹranko kékeré ilẹ̀ Australia, lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1869. Nígbà tí Bram Stoker kọ ìwé Dracula jáde ní ọdún 1897, ó ní ọ̀dọ̀ Jamrach ni wọ́n ti ra ìkookò kan nínú ìtàn náà. Kò ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí òǹkàwé London tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ẹlẹ́ja Hamburg

Ẹni tó dín agbára Jamrach kù wá láti Hamburg. Carl Hagenbeck, ọmọ ẹlẹ́ja tí wọ́n bí ní ọdún 1844, rí ohun tí àgbà oníṣòwò náà kò kà sí. Ẹni tó bá dúró dè ohun tí atukọ̀ bá gbé wá, ohun tí atukọ̀ rí ni yóò tà. Hagenbeck fi owó ṣíwájú fún àwọn ọdẹ, ó ń rán wọn lọ sí Sudan àti ibòmíràn, wọ́n ń kó agbo ẹranko wá fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà omi Suez tó ṣí ní ọdún 1869 mú ìrìn náà kúrú. Láti ọdún 1874, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ènìyàn wá pẹ̀lú ẹranko, ó kọ́kọ́ kó àwọn Sami ti àríwá Yúróòpù, lẹ́yìn náà àwọn ará Nubia, kí àwọn èrò lè sanwó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo erin. Ohun tí a kò bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ejò ní ọdún 1850, kò yani lẹ́nu pé a kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ènìyàn wá ní ọdún 1874.

Jamrach kò kógbá sílé. Ó gbéyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, ó bímọ, ó sì ń jókòó sí ilé ìtajà rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1891, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá òwò náà lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ní Tobacco Dock, tí kò jìnnà sí ibi tí ilé ìtajà náà wà, wọ́n ti gbé ère ọmọdékùnrin kan kalẹ̀ níwájú ẹkùn ńlá. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀.

Èbúté tiwa

Òwò rẹ̀ kò bá a wọ ilẹ̀. Ó ti yí èbúté padà ni. Lónìí, Togo, Benin àti Ghana wà lára àwọn tó ń kó ejò láàyè jáde jù lọ lágbàáyé, pàápàá irú erè kékeré kan tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Láti ọdún 1975, èyí tó ti jáde kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ló ń wú wọn nínú ihò, wọ́n ń wá abo tó lóyún tàbí ẹyin, wọ́n á tà wọ́n fún alárobọ̀, alárobọ̀ á gbé wọn dé ọgbà tí wọ́n ti ń pa ẹyin. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé àwọn ọmọ ejò lọ sí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà, nínú àpò aṣọ kéékèèké tí wọ́n tò sínú àpótí.

Ejò yìí kan náà ni àwọn ará Ouidah, ní Benin, ń bọ. Ilé òrìṣà rẹ̀ wà láàárín ìlú. Bí ó bá rìn wọ ilé ènìyàn lóru, wọ́n á rọra gbé e padà. Ìrìn wákàtí díẹ̀ sí ibẹ̀, ọjà ni.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìgbà Jamrach àti ìsinsìnyí. Àdéhùn CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973, béèrè ìwé àṣẹ fún ejò yìí àti fún ọ̀pọ̀ ẹranko afàyàfà mìíràn kí wọ́n tó ré ẹnubodè kọjá. Ìjàpá ńlá ilẹ̀ Sahel, èyí tó ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn láti Senegal títí dé Sudan, tí Burkina Faso sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ti ní ààbò ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 2000, òdo ni iye tí wọ́n gbà kí a mú nínú igbó kí a sì kó jáde fún òwò. Ọdún náà gan-an ni Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ìjàpá yìí àti irú méjì mìíràn láti Áfíríkà wọ ilẹ̀ rẹ̀. Eégbọn ni ìdí rẹ̀. Wọ́n ti rí i lára àwọn ìjàpá tí àwọn oníṣòwò kó wọlé, ó sì lè gbé àìsàn kan tó ń pa màlúù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹranko afàyàfà lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá lónìí lè béèrè ohun tí àwọn oníbàárà Ratcliffe Highway kò béèrè: igbó wo ni wọ́n ti mú un, àbí inú ọgbà ni wọ́n bí i sí? Ìwé àṣẹ rẹ̀ dà? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù lẹ́yìn tó dé? Ní ti iye tó tẹ ẹni tó wú u nínú ihò lọ́wọ́, kò sí nínú ìwé àṣẹ kankan.